Eyín Ẹni Tó Ń Nu Ilẹ̀

"Ìwé ti kún o! Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn yẹn, ẹ má wulẹ̀ ti ara yín pa." Láti ẹ̀yìn fèrèsé rẹ̀ ni Si Bouazza ti sọ ọ́, kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára ife tíì tó wà níwájú rẹ̀. "Ẹni tí kò bá tíì ní ọjọ́, ó di oṣù kẹsàn-án."

"Oṣù kẹsàn-án kẹ̀?" Bàbá kan tó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú pariwo. "Oṣù kejì la ṣẹ̀ṣẹ̀ wà yìí!"

"Bàbá, ṣé èmi ni mo dá oṣù sílé ayé ni? Apá ọ̀tún ńkọ́, ṣé ó ń dùn yín? Kò dùn yín. Ẹ máa fi ọ̀tún jẹun títí dìgbà náà."

Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹni tó mọ̀ pé bí òun kò bá rín in, akọ̀wé tó wà lẹ́yìn fèrèsé lè rántí ojú òun ni.

Nínú yàrá kejì, Yamna gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wà lórí eékún, ó ń nu ilẹ̀ lábẹ́ àga dókítà eyín. Ó ti fi kànáfùrù kan há inú ihò eyín rẹ̀ tó wà lẹ́yìn pátápátá, nísàlẹ̀, lápá òsì, ó sì ń rọra mí gba imú, nítorí pé bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí eyín náà báyìí, ìrora rẹ̀ a gba etí lọ sí àtàrí.

Ọdún kẹfà rẹ̀ nìyí nínú ilé ìwòsàn ìjọba náà, ní ìlú kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ òkè, ìrìn ọkọ̀ wákàtí kan sí Fez. Kò sẹ́ni tó mọ àga yẹn bíi tirẹ̀. Ó mọ ibi tí awọ rẹ̀ ti ya, ó mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe máa ń sá pamọ́ sí etí àwo ìtutọ́, ó sì mọ̀ pé omi gbígbóná kì í ṣí ẹ̀jẹ̀ náà, àfi omi tútù. Kò jókòó sórí rẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ nìkan ni dókítà eyín máa ń wá láti Fez. Èèyàn méjìlá ló lè rí lóòjọ́, odindi ìlú àti gbogbo abúlé orí òkè ló sì ń pín méjìlá yẹn láàárín ara wọn. Ọwọ́ Si Bouazza ni ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí wà. Ìwé náà a máa kún fún àwọn kan, a sì máa ṣí àyè sílẹ̀ fún àwọn mìíràn: ẹni tó gbé ìgò oyin wá, ẹni tó di òróró ólífì tuntun lọ́wọ́, ẹni tí àkùkọ rẹ̀ ń ké nínú àpò. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ sókè. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni ẹrù ń gbà wọlé, Yamna fúnra rẹ̀ ló sì máa ń bá a tò ó sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti bẹ̀ ẹ́. Nígbà àkọ́kọ́, Si Bouazza rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà? Bí àwa tó ń ṣiṣẹ́ níbí bá ń ṣàìsàn, ta ni yóò tọ́jú aráàlú?" Nígbà kejì, ó ní kó jẹ́ kí ààwẹ̀ kọjá. Nígbà kẹta, ó kàn wo ọwọ́ Yamna, ọwọ́ náà sì ṣófo, ó wá mí kanlẹ̀ bí ẹni tí àánú ṣe. Ọ̀rọ̀ náà yé Yamna. Láti ọdún mẹ́rin tí kànga tí Mimoun ọkọ rẹ̀ ń gbẹ́ ti wó pa á, oyin kò wọ ilé wọn mọ́.

Nílé, iṣẹ́ mìíràn ni ìrora náà jẹ́. Bí Yamna bá ti jí, á fi omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ oníyọ̀ fọ ẹnu, á rẹ búrẹ́dì sínú tíì títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀kọ, á sì máa fi ahọ́n tì í lọ sápá ọ̀tún. Kò sí oògùn tí Lalla Tamou, aládùúgbò rẹ̀, kò tíì gbé wá: ààyù tí wọ́n gún, èèrí àlìkámà tí wọ́n yan tí wọ́n sì fi aṣọ wé mọ́ párì rẹ̀, omi ewé kan tó korò tó bẹ́ẹ̀ tí omijé fi bọ́ lójú Yamna.

"Ó ti gbà á?" Lalla Tamou á bi í.

"Ó ti gbà á," Yamna á dáhùn, kí obìnrin náà lè lọ sílé lọ sinmi.

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Ghizlane, ni kò ṣeé tàn. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó wà ní kíláàsì àṣejáde, olùkọ́ ìṣirò sì ti sọ fún Yamna níwájú èèyàn pé bí ọmọbìnrin yìí kò bá wọ yunifásítì ní Fez, kò sẹ́ni tó máa wọ̀ ọ́ nílùú yìí. Ghizlane rí i pé ìyá òun kì í sùn mọ́ àfi ní ìjókòó. Ó rí i pé hóró oògùn ìrora tí àwọn ń rà lọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù ti di mẹ́jọ lóòjọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bá Si Bouazza, Màmá. Níwájú gbogbo èèyàn ni mo ti máa bá a sọ̀rọ̀."

"Kí n bàa lè di ẹni tí kò níṣẹ́? Ta ló ń kọ̀wé ránṣẹ́ lóṣooṣù sí ilé-iṣẹ́ tó gbà mí fún iṣẹ́ ìnulẹ̀ pé mo wá, pé mi ò wá? Òun náà kọ́? Ka ìwé ẹ. Ìwé ẹ ni oògùn mi."

Ghizlane ṣí ìwé, ṣùgbọ́n ojú ewé kan náà ló ń wò fún bí ìdajì wákàtí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, dókítà dé kí Yamna tó nu ilẹ̀ tán. Dókítà Sqalli kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ wá, ó sì máa ń ti rẹ̀ ẹ́ kó tó wọlé. Ó kí Yamna. Yamna dáhùn, ohùn rẹ̀ sì jáde bí ti ẹni tó di òwú sẹ́nu.

"Kí ló ṣe yín lẹ́nu?"

"Kò sí nǹkan, Dókítà. Eyín lásán ni."

"Eyín lásán?" Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ yanu, kí n wò ó."

Níbi tí Yamna dúró sí, tòun ti àkísà lọ́wọ́, ni dókítà ti tan iná fóònù sí i lẹ́nu. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti ká ólífì tán."

"Ó gbọ́dọ̀ jáde ni, kò sì gbọdọ̀ pẹ́. Ó ti ń ṣọyún nídìí. Ẹ sọ fún Si Bouazza pé mo ní kó kọ yín sí Ọjọ́bọ̀."

"Dókítà, ṣé kò lè jẹ́ òní?"

Dókítà wo ilẹ̀kùn, níbi tí ẹnì kan ti ń fi ọwọ́ gbá a gbàgbà. "Àwọn tó wà níta yẹn, láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń retí ọjọ́ òní. Bí mo bá mú ẹnì kan gba ẹ̀yìn, wọ́n á wó ilẹ̀kùn yìí lé wa lórí. Ọjọ́bọ̀ ò jìnnà, Màmá."

Nígbà tí Yamna jíṣẹ́, Si Bouazza rọra gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀.

"O gba ẹ̀yìn mi lọ bá dókítà. Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni, Lalla Yamna?"

"Rárá o, Si Bouazza. Àwọn ni wọ́n bi mí."

"Ó dáa náà. Ọjọ́bọ̀. Ìwọ ni ẹnì kẹfà." Ó tẹ̀ba sórí ìwé, ọwọ́ rẹ̀ sì ń lọ síwá sẹ́yìn. Láti ibi tí Yamna dúró sí, kò lè rí ohun tó ń kọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ti nu gbogbo ilẹ̀ tán kí oòrùn tó là. Ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù sílẹ̀, ó wọ jàlábíà rẹ̀ tó dára jù, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn aláìsàn. Ghizlane pa kíláàsì àkọ́kọ́ jẹ, ó wá jókòó tì í. Yamna kò jẹ nǹkan kan láti àná. Inú rẹ̀ dùn bí ti ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò. Ẹnì kẹrin wọlé, ó jáde. Ẹnì karùn-ún wọlé, ó jáde.

"Ẹnì kẹfà," Si Bouazza ké. "Ìyàwó Hajj Lemfeddal!"

Yamna ti dìde ná kó tó gbọ́ orúkọ náà dé ìparí. Ìyàwó oníṣòwò ẹyin kọjá lára rẹ̀, ẹ̀gbà wúrà ń dún lọ́wọ́ rẹ̀ ṣìnwìnṣìnwìn, ó ń sọ fún ẹni tó bá a wá pé ìgbéyàwó àbúrò òun ku ọjọ́ mẹ́ta, òun fẹ́ kí eyín òun máa dán nínú fọ́tò.

Si Bouazza jáde wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ Yamna bí ẹbí. "Má bínú. Ará ilé ni ọ́. Ṣé ará ilé máa ń bá àlejò du ìjókòó ni? Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwọ ni àkọ́kọ́."

"Kí ló ń dun obìnrin yẹn?" Ghizlane bi í, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ sọ fún wa, kí ló ń dùn ún?"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ wolẹ̀. Si Bouazza dìde, ó gbọn orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. "Ọmọ yìí mà mọ̀wé o. Lalla Yamna, ṣé ilé-iṣẹ́ yín mọ̀ pé o ti ń mú ọmọ wá síbi iṣẹ́?"

"Ghizlane, ó tó. Lọ sílé ìwé."

Nígbà tí obìnrin ẹlẹ́gbà náà lọ tán, Yamna ti wọ ẹ̀wù búlúù rẹ̀ padà. Ó wọlé lọ fọ àwo ìtutọ́. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ọ̀dà ètè pupa ló wà létí ife.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, dókítà kò wá. Wọ́n ní wọ́n pè é lọ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ méjì ní Rabat, kò sì sẹ́ni tí wọ́n rán wá dípò rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Yamna wú, ojú rẹ̀ òsì sì kéré sí ọ̀tún. Lalla Tamou fà á lọ́wọ́ lọ sọ́jà.

Bàbá Jilali jókòó sábẹ́ agbòjò, láàárín ẹni tó ń ta bàtà àlòkù àti ẹni tó ń ta pàkúté eku. Ó tẹ́ aṣọ funfun síwájú, ó kó eyín tó ti yọ láti ogójì ọdún sórí rẹ̀ bí àgbàdo tí wọ́n ṣẹ́.

"Ẹ di orúnkún mi mú, Màmá. Ẹ má wo ẹ̀mú. Òkè ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹyẹ ń fò níbẹ̀."

Kò sí ẹyẹ kankan. Yamna gbọ́ ìró kan nínú orí ara rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi gbígbẹ, ẹ̀jẹ̀ sì kún ẹnu rẹ̀. Bàbá Jilali gbé ohun tó yọ sókè sí oòrùn. Ó wò ó títí, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Orí eyín nìkan ni. Gbòǹgbò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

"Ẹ máa fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́," ó wí. Nígbà tí Lalla Tamou fẹ́ sanwó, ó kọ̀, ó ń to eyín rẹ̀ lọ, kò sì wo ojú wọn mọ́.

Ìrora náà dáwọ́ dúró fún ọjọ́ méjì, Yamna sì jẹ ẹyin bíbọ̀ kan. Ní ọjọ́ kẹrin, nǹkan le gbagidi lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ku ọjọ́ kan kó pé nígbà tí ọrùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́, tí ahọ́n rẹ̀ sì ń gbé sókè bí ohun tí wọ́n ń tì láti abẹ́.

"Ẹ ò ní lọ síbi iṣẹ́ lónìí," Ghizlane wí láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Dókítà ń bọ̀ lónìí," Yamna dáhùn. Ó ní láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ọmọ rẹ̀ tó gbọ́.

Ó nu ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò lè gbé itọ́ mì, nítorí náà ó ń tu ú sínú gèlè. Si Bouazza yọjú láti fèrèsé. "Yamna, fi nǹkan bo ojú ẹ jàre, ò ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn." Ó fi gèlè bo ojú. Nígbà tí dókítà dé ní aago mẹ́wàá, ó bá a lórí ilẹ̀ tútù, ó fẹ̀yìn ti àga, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, èémí rẹ̀ sì ń dún bí ayùn.

"Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sí Ọjọ́bọ̀!" Dókítà Sqalli ń pariwo, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń pariwo lé lórí. "Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sí Ọjọ́bọ̀!"

Ọkọ̀ agbáláìsàn ìlú náà kò ní epo. Ọkọ̀ ara rẹ̀ ni dókítà fi gbé e lọ sí Fez, tó ń fọn fèrè ní gbogbo kọ́nà, Ghizlane sì wà lẹ́yìn, ó gbé orí ìyá rẹ̀ lé itan. Ní Fez, wọ́n la ọ̀fun Yamna kó lè mí, wọ́n la abẹ́ párì rẹ̀, wọ́n sì gé lára egungun tó ti bàjẹ́ níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò kú. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é ní olóríire.

Nígbà tó padà sílé, ẹnu rẹ̀ kò lè là ju ìbú ìka kan lọ. Ṣíbí tíì ni Ghizlane fi ń ṣẹ́ omi ọbẹ̀ sí i. Ohùn rẹ̀ ti di èémí lásán. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ gbé etí sún mọ́ ọn. Nǹkan mìíràn tún ti yí padà nínú ilé náà, wọn kò sì sọ ọ́ fún un nígbà tó wà ní Fez. Ní ọjọ́ kẹwàá tó ti dùbúlẹ̀, ilé-iṣẹ́ ní àwọn máa fi iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Si Bouazza ló bá wọn dá àbá pé kí ọmọ rẹ̀ dúró fún un ná. Ghizlane wọ ẹ̀wù búlúù. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ dání, ó ń kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa. Lọ́sẹ̀ kejì, ó fi ìwé náà sílé. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde, ó ń fọ fèrèsé.

Dókítà Sqalli kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá lókè. Ìwé náà pẹ́ lọ́nà, ṣùgbọ́n ó dé ibi tó ń lọ, nítorí pé ní ìparí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkùnrin kan tó gbé fáìlì lọ́wọ́ wá láti Rabat láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Kò mọ ojúlé Yamna. Si Bouazza ló mú un wá.

Si Bouazza gbé ìṣù ṣúgà kan tí wọ́n fi ìwé búlúù wé dání, bí wọ́n ṣe ń ṣe bí wọ́n bá lọ kí aláìsàn. "Lalla Yamna wa! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Ojoojúmọ́ la ń dárúkọ rẹ." Ó jókòó sórí tìmùtìmù bí ẹni tó ti ń wá síbẹ̀ tipẹ́. Ghizlane gbé tíì wá.

Ọmọlúwàbí ni olùwádìí náà. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀. "Màmá, dókítà kọ̀wé pé ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ìtọ́jú, wọn ò fún yín lọ́jọ́. Mo ti wo ìwé orúkọ láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Orúkọ yín ò sí níbẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ṣé ẹ béèrè, àbí ẹ ò béèrè?"

Kí Yamna tó mí síta, Si Bouazza ti da ọ̀rọ̀ dídùn sí i. "Ọmọ yìí mà ń ṣe dáadáa níbi iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìparí oṣù yìí ni wọ́n máa pinnu bóyá wọ́n á fún un níwèé iṣẹ́ gidi. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ̀wé nípa rẹ̀."

Olùwádìí ro tíì rẹ̀, ó sì wo inú ife.

"Màmá," Ghizlane wí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Màmá, ẹ sọ fún wọn."

Yamna wo ọmọ rẹ̀. Ó wo ọwọ́ tó gbé abọ́ náà, bí omi oníkẹ́míkà ṣe ti bó o ní gbogbo oríkèé, bí ọwọ́ obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún. Ó ronú nípa kànga tó wó. Ó ronú nípa òtútù tó ń bọ̀ àti ẹnu méjì tó wà nílé, èyí tó lè jẹun àti èyí tí kò lè jẹun. Ó mi orí pé rárá.

"Ẹ ò béèrè?"

Ó tún mi orí.

"Màmá!"

Ọkùnrin ará Rabat kọ̀wé kíákíá, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún, nítorí pé ó ṣì ní abúlé mẹ́ta láti dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó kà á sókè: aláìsàn náà jẹ́rìí pé òun kò fìgbà kankan béèrè fún ìtọ́jú eyín nílé ìwòsàn. Ó fi ìka hàn án ibi tí yóò fọwọ́ sí. Yamna gba bírò. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ létà kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nínú kíláàsì àwọn obìnrin ní mọ́sálásí, kò sì yára.

Wọ́n dìde. Olùwádìí dúpẹ́ fún tíì náà, ó ní ó dùn. Ghizlane dúró sí ojú kan, kò wo ìyá rẹ̀, kò wo àwọn àlejò. Si Bouazza wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó yí padà díẹ̀.

"Dókítà ń bọ̀ lọ́la. Kó o tètè dé o, kí ilẹ̀ ti gbẹ kí aago mẹ́jọ tó lù."

Ghizlane bẹ̀rẹ̀, ó ń kó àwọn ife tíì jọ.

"Mo ti gbọ́, Si Bouazza."